Àlá Rírọ́ àti Ìtumọ̀ Rẹ̀: Agbọ́tí, Alásè àti Ìwé Pélébé

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni èdè Yorùbá ń lò fún ìtàn àti àlá: a máa ń rọ́ àwọn méjèèjì ni. Ẹni tí ó lá àlá tí kò rọ́ ọ kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí yóò túmọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ni í gbé. Ọ̀rọ̀ tí a fi gbé àlá kalẹ̀ ni ó ń dé ọwọ́ olùtumọ̀, kì í ṣe àlá fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò wá jìnnà sí ti lámèyítọ́, òṣùwọ̀n kan náà ni ó sì yẹ kí a fi wọn àwọn méjèèjì.

Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wo àwọn ìwé pélébé ìtumọ̀ àlá tí wọ́n ń tà kiri, tí wọ́n to ohun ojú àlá lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni to ọjà sórí àtẹ: ìgbẹ́, owó ni, ikú, ẹ̀mí gígùn ni, oúnjẹ, ọwọ́ ọ̀tá ni. A kì í ka ewì báyìí. Bí akéwì bá dárúkọ ẹyẹ, ohun tí ẹyẹ náà ṣe nínú ewì ni a ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn kan tí tonílé tàlejò mọ̀ wò, èyí tí ó wà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 40. Agbọ́tí Fáráò àti alásè rẹ̀ lá àlá ní òru kan náà nínú ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀ka àjàrà mẹ́ta ni agbọ́tí rí. Agbọ̀n mẹ́ta ni alásè rù. Jósẹ́fù ní ọjọ́ mẹ́ta ni mẹ́ta náà dúró fún nínú àlá méjèèjì, àti pé Fáráò yóò gbé orí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n orí agbọ́tí ni a gbé sókè padà sí ipò rẹ̀. Orí alásè ni a gbé kúrò lọ́rùn. (Ọ̀rọ̀ náà tún wúwo sí i létí Yorùbá, tí orí kì í ṣe agbárí nìkan fún.)

Kí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀? Jósẹ́fù kò ṣe àlàyé. Ó ní ti Ọlọ́run ni ìtumọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé agbọ́tí ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lójú àlá: ó fún èso àjàrà sínú ago, ó sì fi ago lé Fáráò lọ́wọ́. Alásè ru ẹrù lásán. Àwọn ẹyẹ ń jẹ oúnjẹ ọba nínú agbọ̀n òkè, a kò gbọ́ pé ó lé wọn, oúnjẹ náà kò sì dé ọ̀dọ̀ ọba. Ẹyẹ náà ni yóò padà jẹ ẹran ara rẹ̀ lórí igi. Ìṣe ni ó gbé ìtumọ̀ dání, kì í ṣe agbọ̀n.

Nílé Ifá pẹ̀lú, ẹni tí àlá dẹ́rù bà lè má rọ́ ọ fún babaláwo rárá. Owó ni yóò sọ ọ́ sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nínú odù 256, ẹsẹ̀ tí babaláwo bá kì ni ẹni tí ó wá yóò máa gbọ́ títí yóò fi mọ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu.

Oúnjẹ ojú àlá gan-an ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Bí ọmọ bá ní òun jẹ iyán lójú àlá, tí ó sì dárúkọ ẹni tí ó gbé e fún òun, ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá àgbà tí ó ti ń bọ́ ọmọ náà láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, ta ni ọmọ ìbá tún rí lójú oorun bí kò ṣe òun? Ìwé pélébé kò bèèrè bí ìyá náà ti wo ọmọ, tàbí bóyá ebi ń pa ọmọ sùn ni. Ó ní oúnjẹ, ó ní ọ̀tá, ó parí. Ìyá àgbà ni ìyà irú ìkàkúkà bẹ́ẹ̀ yóò jẹ.

Ọ̀pọ̀ fíìmù wa kò ràn wá lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá ti jẹun lójú àlá nínú wọn, àìsàn dé nìyẹn, òǹwòran sì ti mọ ọ̀daràn kí ìtàn tó dé ìdajì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n máa ń fi "mo bá ta jí" parí àròkọ ṣì sàn díẹ̀: wọ́n gbà pé àlá ni.