Òkèèrè Ta Ni?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ìwé pẹlẹbẹ kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Ọ̀kan nínú yín ló mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kí mi ní Ìlá-Ọ̀ràngún níbí. Ọmọ náà fa ìwé ọ̀hún yọ nínú báàgì: Físíìsì àti ìmọ̀ ìràwọ̀, ọdún mẹ́rin ní yunifásítì kan ní Ìlú Ọba, ọdún kan nínú rẹ̀ ní òkèèrè. Ilẹ̀ kan tó kù fún bàbá rẹ̀ ló fẹ́ tà. Ọmọ ní, "Bàbá, ṣé kí n lọ, sà?"

Ìwé náà ò burú. Ó to iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì sọ òótọ́ pé ìṣirò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ "òkèèrè" yẹn ò dùn mọ́ mi létí. Òkèèrè ta ni? Ọmọ Ìgbómìnà tó gbéra láti Ìlá, ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni òkèèrè fún un! Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọn ò dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ní Áfíríkà, àfi bí ẹni pé a ò ní ojú ọ̀run tiwa.

Ṣebí a ní. Samuel Okoye ka Físíìsì ní Ìbàdàn kó tó lọ sí Cambridge. Ní 1965, òun àti Antony Hewish kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan sínú Nature. Wọ́n ní nínú Crab Nebula, àwókù ìràwọ̀ kan tí àwọn ará Ṣáínà rí nígbà tó bú gbàmù ní 1054, ibi kékeré kan wà tí ìgbì rédíò tó ń ti ibẹ̀ jáde ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọ́n pè é ní ohun àjèjì, wọn ò díbọ́n pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ayé tó mọ̀ pé ìràwọ̀ tó ń pòòyì ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló wà níbẹ̀.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Bí a bá ń ki Okoye, a ó ní òun ni ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀ka náà, a ó sì dákẹ́. Oyè là ń kì, a kì í ki iṣẹ́. Ó padà wálé, ó kọ́ ọmọ ní Nsukka, ó sì dá ibùdó ìwádìí òfúrufú sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1972.

Ìdáhùn mi rèé: ẹ̀kọ́ náà dára, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó lọ, kọ lẹ́tà sí wọn ná. Bèèrè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Bèèrè bóyá o lè lo ọdún òkèèrè rẹ ní Nsukka, tàbí ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí abọ́ 64 ti MeerKAT ti ń gbọ́ ìró ojú ọ̀run. Ilẹ̀ tí a bá tà kì í padà. Ó yẹ kí ọmọ tí a torí rẹ̀ tà á lè padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi wọ́n.