Igbó Àtijọ́ Nínú Ẹrẹ̀

Ní ọdún 1916, ní Kristiania, ìlú tí à ń pè ní Oslo lónìí, onímọ̀ ilẹ̀ kan láti Swídìn, Lennart von Post, fi àwòrán kan han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti ka lẹ́búlẹ́bú òdòdó inú irà ilẹ̀ wọn ní ìpele-ìpele, ó sì ti fi ìdá ọgọ́rùn-ún ṣírò ti igi kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tọ ìlà náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè yóò rí igbó tó ń yí padà.

Èèpo hóró lẹ́búlẹ́bú ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Bí èésan ṣe máa ń ṣẹ́kù sórí ààtàn lẹ́yìn tí ìyókù bá ti di ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èèpo yìí ń ṣẹ́kù nínú irà tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà láàárín ẹrẹ̀ àti àwòrán ló wù mí jù. Wọ́n á fa ẹrẹ̀ náà jáde ní gígùn, pẹ̀lú ìṣọ́ra, torí bí ti òkè bá fi lè kan ti ìsàlẹ̀, ọjọ́ orí wọn ti dàrú. Wọ́n á bu díẹ̀, wọ́n á sì ju táblẹ́ẹ̀tì kan sí i, èyí tí wọ́n mọ iye hóró ewéko Lycopodium tó wà nínú rẹ̀. Jens Stockmarr ló kọ̀wé nípa ọgbọ́n yìí ní 1971. Bí ẹrẹ̀ bá ń dà nù bí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, hóró àlejò yìí náà ń dà nù pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà èyí tó bá ṣẹ́kù nínú wọn ni wọ́n fi ń mọ iye lẹ́búlẹ́bú tó wà níbẹ̀ látilẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú pé ẹnì kan ronú débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ásíìdì: ọ̀kan tí ń jẹ yanrìn, tó ń jẹ gíláàsì pàápàá, tí wọ́n fi ń lo ike; òmíràn tí ń jó ewé àti igi kúrò, tí kò gbọdọ̀ fojú kan omi.

Ìgbà yìí ni ojú ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lábẹ́ máíkírósíkópù, hóró páìnì ní àpò afẹ́fẹ́ méjì. Hóró koríko rí roboto, ihò rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, etí ihò náà sì nípọn. Ti alíkámà jọ ọ́, ó kàn tóbi jù ú lọ ni. Ibẹ̀ ni aláìnísùúrù ti ń ṣìnà. Wọ́n sábà máa ń ka tó 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ fún ìpele kan. Síbẹ̀, hóró tó pọ̀ kò túmọ̀ sí pé igi pọ̀: páìnì ń da tirẹ̀ sí atẹ́gùn lọ́pọ̀ yanturu, igi tí kòkòrò ń bá gbé tirẹ̀ kì í mú púpọ̀ jáde. Ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ mọ ìwà igi kọ̀ọ̀kan.

Irú ìmọ̀ yìí ni Johannes Iversen, onímọ̀ lẹ́búlẹ́bú, lò ní Dẹ́ńmáàkì. Ó rí i pé àwọn igi ńlá inú igbó dín kù, koríko àti èpò Plantago yọjú, lẹ́yìn náà igi birch, lẹ́yìn náà igi hazel, kí igbó ńlá tó padà. Ní 1941 ó sọ pé àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ ló ṣán igbó náà. Ní àwọn ọdún 1950, láti dán ọ̀rọ̀ náà wò, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àáké olókùúta wọ igbó Draved, wọ́n gé igi, wọ́n sun ún, wọ́n gbin ọkà, wọ́n sì dúró wo ohun tí yóò hù.

Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebisi Sowunmi ti Yunifásítì Ìbàdàn ka lẹ́búlẹ́bú inú ẹrẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní Niger Delta. Ní nǹkan bí ọdún 2,800 sẹ́yìn, ti ọ̀pẹ ṣàdédé pọ̀ sí i. Ọ̀pẹ fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀, nítorí náà nǹkan kan ti ṣí igbó. Ọ̀dá ni, àbí ọwọ́ àgbẹ̀? Kò fi ọ̀pẹ nìkan dájọ́. Ó wo èpò tó máa ń hù lórí ilẹ̀ tí wọ́n ro, ó rí i pé àwọn náà pọ̀ sí i, igi igbó sì dín kù. Ó ní ọwọ́ àgbẹ̀ ni. Jean Maley, onímọ̀ lẹ́búlẹ́bú mìíràn, ní tirẹ̀ gbà pé ojú ọjọ́ tó gbẹ ló ṣí igbó. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní láti padà sídìí máíkírósíkópù, kó ka èpò pọ̀ mọ́ ọ̀pẹ.