Orin Ọtí Tí Kì í Ṣe Ìyìn Ọtí

Mùsùlùmí tó bá gbọ́ orúkọ orin náà, Rum and Coca-Cola, yóò rò pé ìyìn ọtí ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 1943, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kún erékùṣù Trinidad, ni Lord Invader, olórin kàlípísò, fi í bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí owó dọ́là ń sọ ìyá àti ọmọbìnrin dà. Ẹ̀fẹ̀ ni lóde, ẹkún ni nínú.

Morey Amsterdam, aláwàdà ará Amẹ́ríkà, gbé e lọ sílé, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ní 1945 àwọn Andrews Sisters gbé e ká ayé. Ohùn wọn dùn, ó sì bára mu. Ṣùgbọ́n ohun tí onílé fi ẹ̀dùn kọ, ẹ̀rín ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ti di fàájì ni. Nígbà tí Wanda Jackson tún un kọ ní 2011, ijó náà ló tún jẹ́.

Mohamed Khan, tó tẹ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé ní Trinidad, pẹjọ́ ní New York, ó sì jàre ní 1947. Ilé-ẹjọ́ lè dáni láre; kò lè dá ẹ̀dùn inú orin padà. Lójú tiwa, ti Invader ló ṣì ga jù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kí ẹ tó jó sí orin, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ta ló ni ín, kí ló sì ń wí?