Ẹ̀rọ Tí Ń Jókòó Bí Akọ̀wé: Lámèyítọ́ Lórí Àkópọ̀ Ìpàdé

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ilé-iṣẹ́ Zoom fi olùrànlọ́wọ́ kan sínú ẹ̀rọ ìpàdé rẹ̀, èyí tí ó ń gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ, tí ó sì ń kọ àkópọ̀ rẹ̀ ní ṣókí fún wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni Microsoft gbé irú tirẹ̀ jáde fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ akọ̀wé ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì. Ẹni tí ó bá ti jókòó rí láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, tí ọwọ́ ń ro ó, tí kò sì lè dá sí ọ̀rọ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni ó ń kọ, kò ní bú àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ yìí. Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ akọ̀wé mìíràn wò: kí ni ó ń gbọ́, kí sì ni ó ń kọ sílẹ̀?

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Ó ń sọ ohùn di àkọsílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ké àkọsílẹ̀ náà kúrú. Àṣìṣe tí ó bá ti wọ inú ti àkọ́kọ́ kò ní ṣàìdé inú èkejì, níbi tí a kò ti ní rí ojú rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú Whisper, tí ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní ọdún 2022, ṣe àpẹẹrẹ. Ohùn tí a fi kọ́ ọ tó 680,000 wákàtí. Nínú rẹ̀, 117,000 wákàtí ni a pín fún kíkọ èdè 96 tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá wà lára wọn, Faransé náà sì wà, ṣùgbọ́n ìpín wọn kò dọ́gba rárá.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ èdè tí a ń sọ fún Whisper tí OpenAI pín fún gbogbo ayé, ìṣẹ́jú-àáyá 30 àkọ́kọ́ ni ó fi ń dá èdè mọ̀, èdè náà ni yóò sì fi kọ gbogbo ìyókù. (Ní Kétu, ìṣẹ́jú-àáyá 30 kò tó kí a kí ara wa délẹ̀.) Bí alága bá fi Faransé ṣí ìpàdé, tí àwọn olùkọ́ ìmọ̀-kíkà sì fi Nàgó jíṣẹ́ ohun tí wọ́n rí ní abúlé, etí Faransé ni ẹ̀rọ yóò fi gbọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ alága yóò jáde ní pípé. Ti àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ gan-an yóò di àfọ́kù, ẹ̀rọ akékúrú yóò sì kó àfọ́kù náà dànù nítorí pé kò ní ìtumọ̀. Kò sí ẹni tí ó pinnu pé kí a má kọ ọ̀rọ̀ wọn. Àkópọ̀ náà yóò sì mọ́ tónítóní débi pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò ní mọ̀ pé àwọn kan sọ̀rọ̀.

Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ mọ̀ pé Yorùbá ni, ohùn ṣì kù. *Igba* ìwé ni olùkọ́ béèrè fún. Bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ta ni yóò mọ̀ bóyá *ìgbà* ni, tàbí *igbá*? Ohun tí a béèrè ti sọnù nìyẹn.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó léwu jù. Allison Koenecke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2024 lórí Whisper. Nínú ohùn tí wọ́n fi dán an wò, bí 1 nínú 100 ni ẹ̀rọ náà ti fi odindi gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ kún ọ̀rọ̀. 38 nínú 100 àwọn àfikún wọ̀nyí ni ó sì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ó ń ṣẹlẹ̀ jù sí àwọn tí àìsàn mú kí ọ̀rọ̀ sísọ nira fún, nítorí pé wọ́n ń dánu dúró pẹ́ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà wa náà ń dánu dúró, kì í sì í ṣe àìsàn. Bí a bá gbé àbá kalẹ̀ tí àgbà kan sì dákẹ́ títí, ìjókòó ti mọ ohun tí ó sọ.

Bí ó bá wá fọhùn, ó lè wí pé: "A ti gbọ́." Gbígbọ́ kì í ṣe gbígbà. Ẹni tí ó wí pé "A ti gbọ́, a ó lọ rò ó wò" ń kọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì ń fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí ó dá àbá láti tún un ṣe. Ìwà ẹ̀rọ akékúrú ni láti wá ìpinnu àti orúkọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́. Ó lè kọ pé àgbà náà fara mọ́ ọn, yóò sì jábọ̀. Bí ẹlòmíràn bá wí pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn, láti fi sọ pé kí a má tíì ṣí kíláàsì tuntun, ejò náà kò ní sí nínú àkópọ̀, ìkìlọ̀ náà kò sì ní sí.

A lè wí pé akọ̀wé ènìyàn náà ń ṣì kọ, àti pé àwọn kan ń kọ ohun tí alága fẹ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìpàdé ti ní oògùn fún ìyẹn: ní ìjókòó tí ó tẹ̀lé e, a ó ka àkọsílẹ̀ sókè, ẹni tí a ṣì í gbọ́ yóò dìde, akọ̀wé yóò sì dáhùn. Àkópọ̀ ẹ̀rọ ń dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó délé, kò sì sí ẹni tí ń dìde sí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àjọ ìjọba Ọsirélíà tí a ń pè ní ASIC dán ènìyàn àti ẹ̀rọ wò lórí kíkó ìwé àbá pọ̀ ní ṣókí. Àwọn tí ó ṣèdájọ́ kò mọ èyí tí ẹ̀rọ kọ. Ènìyàn gba 81 nínú 100, ẹ̀rọ gba 47. Llama 2 ni ẹ̀rọ náà, ó sì ti di ti àná; àwọn tí ó wà lóde lónìí sàn jù ú lọ. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìwé wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú sì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ní ti iṣẹ́ ìmọ̀-kíkà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, ìwúlò ẹ̀rọ náà kò ju kí ó tọ́jú ohùn ìpàdé lọ fún akọ̀wé tí yóò tún tẹ́tí sí i. Akọ̀wé náà ni kí ó kọ àkópọ̀, ní Nàgó, pẹ̀lú àmì ohùn, kí a sì kà á fún àwọn tí ó sọ̀rọ̀ kí ó tó di ti ilé-iṣẹ́. Kí a sì sọ fún wọn, kí a tó tan ẹ̀rọ náà, ibi tí ohùn wọn yóò wà àti ẹni tí yóò lè gbọ́ ọ.