Nọ́ńbà iṣẹ́ àti orúkọ iṣẹ́

Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ ti ń ṣe ìwádìí okòwò báyìí, ẹ sì ń bi mí bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà ISIC. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ọrọ̀ ajé o, ṣùgbọ́n pípín nǹkan sí ìsọ̀rí niṣẹ́ àwa onímọ̀ èdè.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1948. Àtúnṣe kẹrin, ti 2008, ni mo ń lò níhìn-ín. Ẹ wo 4781. Abẹ́ lẹ́tà G, níbi tí òwò wà, la ti rí i: 47 ni títà fún ẹni tó máa lò ó, 478 ni títà lórí àtẹ àti nínú ọjà, 4781 sì ni ti oúnjẹ, ohun mímu àti tábà. Ó mọ́gbọ́n wá. Ẹni tó ń ṣèwádìí ní Accra lè fi tiẹ̀ wé ti Ìkàrẹ́.

Ẹ wá gbé e wọ ọjà Ìkàrẹ́ wò. Obìnrin kan ń bọ̀ láti Ọ̀kà: ó gbin ẹ̀gẹ́ (0113), ó fi ṣe ẹ̀lùbọ́ láfún (1061), ó wá ń tà á lórí àtẹ (4781). Ìlànà ìwé náà ni pé iṣẹ́ tó bá fi owó kún ọjà jù ni ká fi pè é. Ta ló fẹ́ bá a ṣírò ìyẹn, nígbà tí kò ní ìwé ìṣirò kankan? Ohun tí akọ̀wé bá rí lọ́jọ́ ọjà ló máa kọ: òǹtajà. Bí ètò ìrànwọ́ fún àwọn aláṣe ẹ̀lùbọ́ bá dé lọ́la, orúkọ rẹ̀ ò ní sí níbẹ̀.

Èdè wa náà ń pín iṣẹ́, àmọ́ nǹkan mìíràn ló ń wò. Alájàpá ń wọ oko lọ rà á bọ̀. Alágbàtà gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó tà á. Ọwọ́ tí ọjà ti wá la fi ń sọ ọ́ lórúkọ. ISIC ń wo ẹni tó máa rà á àti ibi tí wọ́n ti tà á. Láti inú àpò kan náà, láàárọ̀ kan náà, alájàpá lè tà fún alágbàtà (46) kó sì tún wọn kóńgò kan fún ẹni tó fẹ́ lọ rokà (47). Ẹni tó bá kó gbogbo wọn sínú 4781, kò ní mọ ibi tí owó láfún ti ń lé sí i láàárín Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́.

(Àwa onímọ̀ èdè náà ò mọ́ nínú rẹ̀. Kóòdù kan ṣoṣo, aqg, la fún Àrìgìdì, a sì kó Erúṣú mọ́ ọn. Ẹ lọ bi ará Erúṣú bóyá Àrìgìdì ló ń sọ.)

Síbẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ ju nọ́ńbà nù. Ní 2014, NBS yí ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò ọrọ̀ ajé wa láti 1990 sí 2010, wọ́n sì sọ ìsọ̀rí iṣẹ́ 33 di 46. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ fíìmù tó hàn gbangba nínú ìṣirò. Ohun tí kò bá ní ìsọ̀rí, ìjọba ò rí i.

Torí náà, ẹ má bi ìyá yẹn pé, "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?" Ẹ ní, "Mà, kí lẹ ṣe lánàá, kí lẹ ṣe níjẹta?" Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ń pe iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, pẹ̀lú àmì ohùn.