Mímọ Irúfẹ́ Àpólà nínú Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì: Àpẹẹrẹ láti Èbúté Lekki

Nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, akẹ́kọ̀ọ́ a máa bá ìbéèrè kan pàdé lábẹ́ àyọkà: irúfẹ́ ègé gbólóhùn wo ni èyí, iṣẹ́ wo ni ó sì ń ṣe? Ọ̀pọ̀ a wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, wọn a sì fi í dáhùn. Bí wọ́n bá ti rí 'at', àpọ́nlé ni wọn ó pè é. Àṣà yìí ni ó ń gba máàkì lọ́wọ́ wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kì í sábà sọ iṣẹ́ tí àpólà ń ṣe.

Àpẹẹrẹ kan ni orúkọ èbúté tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní Ibeju-Lekki ní oṣù kìíní ọdún 2023. Àpólà orúkọ ni 'Lekki Deep Sea Port'. 'Port' tí ó gbẹ̀yìn ni orí rẹ̀. Ohun tí ó ṣáájú kàn ń yán an ni. Yorùbá a máa fi orí ṣáájú: Èbúté Òkun Jíjìn ti Lekki. Ẹni tí ó bá fi ojú Yorùbá wá orí àpólà Gẹ̀ẹ́sì yóò mú 'Lekki' dání. Òkun ni gírámà ní ó jìn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ńṣe ni wọ́n wa ọ̀nà ọkọ̀ náà kí ó tó jìn tó mítà 16.5.

Àpólà atọ́kùn ni ó le jù. 'The customs officer inspected the ship at the port.' Ìtumọ̀ méjì ni gbólóhùn yìí ní, Gẹ̀ẹ́sì kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Yorùbá yà wọ́n. Bí èbúté bá jẹ́ ibi tí àyẹ̀wò ti wáyé: Aṣọ́bodè náà yẹ ọkọ̀ náà wò ní èbúté. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ tí ó ti gúnlẹ̀ ni ó yẹ̀ wò, kì í ṣe èyí tí ó ṣì wà lójú agbami: Aṣọ́bodè náà yẹ ọkọ̀ tí ó wà ní èbúté wò. 'Yẹ' àti 'wò' ti há àbọ̀ sáàárín. Ohun tí ó bá wà láàárín wọn, ara àpólà orúkọ ni. Èyí tí ó dúró lẹ́yìn 'wò', àpọ́nlé ni.

Yorùbá kì í sábà jẹ́ kí 'ní èbúté' yán ọ̀rọ̀ orúkọ láìsí 'tí ó wà'. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tú àpólà kan, tí Yorùbá sì béèrè 'tí ó wà', ti rí ẹ̀yán. Kí ó má tìtorí bẹ́ẹ̀ pe ti Gẹ̀ẹ́sì ní awẹ́ gbólóhùn: 'at the port' kò ní ọ̀rọ̀ ìṣe. Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú ìwé gírámà Yorùbá tí ó tẹ̀ jáde ní 1966, fi àpólà sí àárín ọ̀rọ̀ àti awẹ́ gbólóhùn. Ibẹ̀ ni kí ó wà.

Bákan náà ni 'the road from Ajah to the port'. 'From' àti 'to' a máa tan ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ dá lé: ọ̀nà tí ó ti Ajah lọ sí èbúté. Àpólà orúkọ ni odidi rẹ̀, ó sì lè ṣe olùwà tàbí àbọ̀. Àpólà ìṣe, bí i 'has been receiving', kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro: ọ̀rọ̀ ìṣe àti àwọn aṣèrànwọ́ rẹ̀ ni.

Ìdánwò 'tí ó wà' ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ó bá jẹ́ 'the gate of the port', Yorùbá kò ní béèrè ohunkóhun. Ẹnu ọ̀nà èbúté ni yóò wí, orúkọ a sì tẹ̀lé orúkọ. Síbẹ̀, ẹ̀yán ni 'of the port'. Níbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ọ̀rọ̀ tí àpólà náà rọ̀ mọ́: ṣé 'gate' ni, àbí ọ̀rọ̀ ìṣe?