Géèmù Fídíò Lójú Olùkọ́ Yorùbá: Àríwísí Kúkúrú láti Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Èrò méjì ni ó gbòde láàrin àwa olùkọ́ lórí géèmù fídíò. Àwọn kan ní ó ń fi àkókò ọmọ ṣòfò. Àwọn mìíràn ní ó ń mú ọpọlọ jí pépé. A kò gba èyíkéyìí wọlé tán.

Ẹ̀rí wà fún àwọn tí ń yìn ín. Ní 2003, Green àti Bavelier fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ojú àwọn tí ń ṣe géèmù ìjà máa ń tètè mú ohun tí ó bá yọ; wákàtí 10 péré sì mú ojú àwọn tí kò ṣe é rí yá sí i. Ṣùgbọ́n ní 2010, Owen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba fi eré kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó ń mú ọpọlọ jí dán ènìyàn 11,430 wò fún ọ̀sẹ̀ 6. Wọ́n mọ eré náà sí i, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò ràn dé iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí eré bá mú ọmọ ṣe ni ó ń kọ́ ọ.

Ẹ wo ayò. Ihò 12 ni, ọmọ 48. Kí ọ̀ta tó kó ọmọ ayò, ó ti ṣírò ibi tí èyí tí ó kẹ́yìn yóò bọ́ sí, bóyá yóò sọ tinú ihò alátakò di 2 tàbí 3 kí ó lè jẹ ẹ́. Ìṣirò nìyẹn. Ẹ̀fẹ̀ àwọn òǹwòran ni ó ń kọ́ ọmọ ní èdè. Géèmù orí fóònù tí ọmọ Ṣàgámù ń ṣe lè ní ìṣirò nínú, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó sábà ń fọ̀, ọmọ náà a sì dákẹ́.

Táí Ṣólàárín àti Sheila, aya rẹ̀, dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì ń roko. Kì í ṣe ọkọ́ ni ó sọ iṣẹ́ oko di ẹ̀kọ́, olùkọ́ ni.

Nítorí náà, a dábàá pé kí olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ní Yorùbá bí ó ṣe borí: kí ni ó kọ́kọ́ rí, kí ni ó yàn, kí ni ìdí rẹ̀? Àrokọ aṣàlàyé nìyẹn, olùdánwò sì lè fún un ní máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó borí tí kò lè sọ bí ó ti ṣe é, iṣẹ́ tiwa lórí rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀.